Ṣé Àìgba Ọlọ́run Gbọ́ Náà Ti Di Ẹ̀sìn Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 21, tó wà ní yunifásítì ní Akọkà, ló wálé fún họ́lídé, mo ní kó múra ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ò lọ mọ́, pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà. Mo sunkún títí. Mo lọ sọ fún pásítọ̀ wa, wọ́n ní ẹ̀sìn míì ló bọ́ sí yẹn, pé àìgba Ọlọ́run gbọ́ náà ẹ̀sìn ni, ká gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ká sì gbé e wá fún ìdáǹdè. Bàbá ẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ní kò sí ẹ̀sìn kankan níbẹ̀, ọmọ yẹn kàn ya kèfèrí ni. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì? — Ìyá ọmọ mẹ́ta, Ṣómólú.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti sọ èmi lórúkọ, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń lọ di òní, nítorí náà kì í ṣe pé mò ń gbè sẹ́yìn ọmọ yín.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ná, ẹ̀sìn. Inú "sìn" ló ti jáde. Ẹni tó bá ní ẹ̀sìn ní ohun tó ń sìn, ì báà ṣe Ọlọ́run, ì báà ṣe Ọ̀ṣun tàbí Ògún, ó ní ọjọ́ tó fi ń sìn ín, ó ní ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún un, ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọmọ lórúkọ níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń sìnkú. Ẹ wá bi ọmọ yín, kí lò ń sìn, ọjọ́ wo lẹ̀ ń pàdé, ta ni olórí yín? Á kàn máa wò yín ni, torí kò sí ìkankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi òde àríyá wa l'Ékòó ṣàlàyé ẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó, ẹbí ọkọ ra léèsì, ẹbí ìyàwó ra àǹkárá, ẹnì kan wá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ láti ilé wá, kò ra tibí kò ra tọ̀hún. Ṣé a máa wá sọ pé àìra aṣọ ẹbí ni aṣọ ẹbí tiẹ̀ ni? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí àwọn tí ò ra aṣọ bá kóra jọ sí kọ́nà kan, tí wọ́n ní ó yá, tó bá di ìnáwó tó ń bọ̀ ká jọ wọ funfun, tí wọ́n yan alága, tí wọ́n ń dá owó, ọ̀rọ̀ ti ń yí padà nìyẹn o, àwọn náà ti fẹ́ ní aṣọ ẹbí tiwọn. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní January 2013, àwọn apanilẹ́rìn-ín méjì ní London, Sanderson Jones àti Pippa Evans, dá ìpàdé kan sílẹ̀ fún àwọn tí ò gba Ọlọ́run gbọ́, Sunday Assembly ni wọ́n pè é, wọ́n ń kọrin, ẹnì kan á dìde sọ̀rọ̀, wọ́n á mu tíì kí wọ́n tó túká. Tẹ́ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ẹ máa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Èmi ò tíì lè pe ìyẹn gan-an ní ẹ̀sìn, torí orin tí wọ́n ń kọ yẹn, kò sẹ́ni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ẹ má sì rò pé torí Ọlọ́run ò sí níbẹ̀ ni mo ṣe ní kì í ṣe ẹ̀sìn o. Àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ò sọ pé ọlọ́run kan ló dá ayé, síbẹ̀ ẹ̀sìn ni tiwọn, wọ́n ní tẹ́ńpìlì, wọ́n ní ọdún tí wọ́n ń ṣe, àwọn kan nínú wọn ń fárí tí wọ́n á jẹ́jẹ̀ẹ́ láti gbé ayé wọn lọ́nà kan. Ti ọmọ yín ò ní gbogbo èyí. Kò gbà pé Ọlọ́run wà, ibẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí.

Kèfèrí tí bàbá ẹ̀ sọ ńkọ́, mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn rárá, mi ò sì ní fi bò. Tí wọ́n bá dé ibòmíì, ẹ̀yin ìyàwó wọn tẹ́ẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni wọ́n máa pè bẹ́ẹ̀. Àwa náà ò sì dáa tó, a gba orúkọ "onígbàgbọ́" fún ara wa nìkan, bíi pé Mùsùlùmí ò gba nǹkan kan gbọ́. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ló jẹ ìyà orúkọ wọ̀nyí jù, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní kèfèrí kí ìjọba Èkó tó fún wọn ní họ́lídé ọjọ́ ìṣẹ̀ṣe ní August 2023.

Mà, ẹ rántí Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun àti Sheila ìyàwó ẹ̀ dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956, kò fi ẹ̀sìn kankan ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀, àwọn òbí tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn tó ń lọ mọ́ṣáláṣí sì ń kó ọmọ fún un. Ó kú ní 1994. Kò sí ìjọ Solarin kankan lónìí, ilé ìwé ló fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀sìn ló ń ṣe, a ò bá ti rí àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ tó ń wọ aṣọ kan náà.

Ohun tó ká mi lára nínú ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yín nìyí: tẹ́ẹ bá ti pè é ní ẹ̀sìn, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó fà á wọ̀ ọ́, ẹ máa máa fura sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ máa gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti dì í mú tí wọ́n á máa pariwo lé e lórí, ọmọ tó jẹ́ pé ìbéèrè ló ní tí kò rẹ́ni dá a lóhùn. Ẹ gbààwẹ̀ yín mà, ẹ gbàdúrà, ìyá ni yín. Àmọ́ ẹ má gbé e lọ fún ìdáǹdè. Ẹ se oúnjẹ tó fẹ́ràn, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù níbi iṣẹ́, wọ́n ní ká mú ẹ̀sìn wa: Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí, tàbí ìbílẹ̀. Mi ò ní ìkankan, mo fi àyè ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà fún mi. Ọ̀rẹ́ mi tó wà l'Amẹ́ríkà ní kọ́ọ̀tù tiwọn ti dá a pé ẹ̀sìn ni tàwa tí ò gba Ọlọ́run gbọ́ náà, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Ọ̀dọ́kùnrin, Yaba.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rẹ́ ẹ ò sọ ọ́ tán. Ní 2005, ẹlẹ́wọ̀n kan ní Wisconsin tó ń jẹ́ James Kaufman fẹ́ kóun àtàwọn tí ò gba Ọlọ́run gbọ́ máa pàdé nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn aláṣẹ ní kì í ṣe ẹ̀sìn, kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ kan wá ní kí wọ́n mú un bí ẹ̀sìn lábẹ́ òfin tó dáàbò bo ẹlẹ́sìn. Ìdí ni pé ẹ̀sìn nìkan ni wọ́n dárúkọ níbi yẹn nínú ìwé òfin wọn, ẹni tó bá fẹ́ sá sábẹ́ ẹ̀ àfi kó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé.

Tiwa l'ẹ́nu ọ̀nà mẹ́ta. Apá 38 nínú ìwé òfin 1999 fún wa lómìnira ìrònú, ó fún wa ní ti ẹ̀rí ọkàn, kó tó wá kan ẹ̀sìn. Ìrònú àti ẹ̀rí ọkàn ti gbà ẹ́ wọlé, o ò nílò láti purọ́ pé o lẹ́sìn. Ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà sọ ọ́ ní 1993 pé ààbò yìí kan ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́, ó kan ẹni tí kò gbà á gbọ́, ó kan ẹni tí ò ṣe ẹ̀sìn kankan. Ní kọ́ọ̀tù Nàìjíríà pàápàá, òfin fàyè gba kéèyàn jẹ́jẹ̀ẹ́ òtítọ́ láìfi Bíbélì tàbí Kùránì tàbí irin búra.

Mi ò ní tàn ẹ́ o, ojú ayé yàtọ̀ sí ìwé òfin. Mubarak Bala tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn humanist ní Nàìjíríà nígbà náà, ìyẹn àwọn tó ń wá ire ọmọnìyàn láìfi ti Ọlọ́run ṣe, ní April 2020 ni wọ́n mú un ní Kàdúná torí ohun tó kọ sí Facebook, kọ́ọ̀tù Kánò jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 24 ní 2022, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn gé e sí 5 ní 2024, January 2025 ló tó jáde. Ìyàwó ẹ̀ ò tíì pé oṣù méjì tó bímọ nígbà tí wọ́n mú un. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Nítorí náà mọ ẹni tí wàá bá sọ̀rọ̀ àti bí wàá ṣe sọ ọ́.

Ti fọ́ọ̀mù yẹn, má mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, má sì dá ìkẹrin sílẹ̀. Kọ "kò sí" síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní England àti Wales ní 2021, 37.2% ló mú "kò sí ẹ̀sìn", kò sẹ́ni tó kà wọ́n mọ́ ẹlẹ́sìn. Ìjọba tiwa ka èèyàn ní 1991 àti 2006, wọn ò tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn. Tí wọ́n bá tún dá fọ́ọ̀mù padà, fi sùúrù bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀sìn ẹ ṣe níbi iṣẹ́, kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé fún ẹ. Tí wọ́n bá kọ ọ́, jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí mi.