Ẹ Bi Wá Léèrè: Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Abidjan lórí ilẹ̀, lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọlọ́run ti ràn wá lọ́wọ́ láti lọ sí Mẹ́kà, àwọn ọmọ wa sì ti ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Ohun tó wá ń wù wá ni pé ká fi jíìpù wa rin àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá, ká gba Kútọ̀nù, Lomé àti Accra dé Abidjan, ká wá gba òkè lọ sí Bùrkínà Fasò àti Niger, ká sì gba Ṣókótó wálé. Ọmọ ọdún 69 ni mí, ìyàwó mi sì jẹ́ ọmọ ọdún 64. Àwọn ìwé wo la nílò, ẹnubodè wo ni ká gbà, báwo ló sì ṣe yẹ kí ìrìn-àjò náà pẹ́ tó? (Alhaji kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Alhaji, ìrìn-àjò tó dára lẹ gbèrò, ẹ kò sì dàgbà jù fún un. Ohun kan péré la bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn apá òkè. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn agbébọn ti ń dá ènìyàn lọ́nà ní Bùrkínà Fasò àti ní Niger, tí wọ́n ń jí arìnrìn-àjò gbé tí wọ́n sì ń pa á. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger lóṣù keje ọdún 2023, ẹnubodè tó so ìlú náà pọ̀ mọ́ Benin ní Malanville di títì. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Bùrkínà Fasò àti Niger, pẹ̀lú Mali, jáde kúrò nínú àjọ ECOWAS, tó fi jẹ́ pé àdéhùn tí a fi ń wọ ilẹ̀ ara wa kò de àwọn mọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn yín tí yóò ní kí ẹ gba ibẹ̀. Etíkun ni kí ẹ gbà lọ, etíkun náà ni kí ẹ gbà bọ̀.

Láti Èkó dé Abidjan kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kìlómítà lọ. Nǹkan bí 120 ni ti Kútọ̀nù, láti ibẹ̀ dé Lomé jẹ́ nǹkan bí 150, Lomé sí Accra súnmọ́ 200, èyí tó kù títí dé Abidjan ló gùn jù lọ, nítorí ó tó 550. Ẹni tó bá ka iye wọ̀nyí lè rò pé ọjọ́ mẹ́ta ti tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọ̀nà ló ń gba agbára lọ́wọ́ àgbàlagbà lórí ìrìn-àjò yìí. Ẹnubodè ni. Mẹ́rin ni ẹ ó kọjá ní àlọ, mẹ́rin ní àbọ̀, ibi méjì-méjì ni wọn yóò sì ti yẹ̀ yín wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ilẹ̀ tí ẹ ń fi sílẹ̀ àti ní ilẹ̀ tí ẹ ń wọ̀. Ìdúró nínú oòrùn, ìtò sórí ìlà, ìdáhùn ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ aṣọ́bodè, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de àti lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìlera, gbogbo rẹ̀ ló ń rẹ ara. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọjá ju ẹnubodè kan lọ lóòjọ́. Ẹ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, nígbà tí ara yín ṣì le tí àwọn òṣìṣẹ́ kò tíì bínú, kí ẹ sì sùn ní ìlú ńlá tó bá kọ́kọ́ tẹ̀lé e. Ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn Mọ̀gàrìbì. Bí ẹ bá tẹ̀lé èyí, oṣù kan ni ìrìn-àjò náà yóò gbà yín kí ó tó lè dùn, ẹ sì ní àyè tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 90 ọjọ́ láìgba físà.

Ìwé tiyín fúnra yín kò pọ̀. Páásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì gùn, àti yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ibi yẹ́lò káàdì yìí la fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Bí ẹ bá ti gbà á nígbà tí ẹ lọ sí Mẹ́kà, ẹ wá káàdì náà jáde, nítorí láti ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tilẹ̀ ti kọjá. Bí ẹ kò bá tíì gbà á rí, ẹ má ṣe kàn lọ gbà á bí ọ̀dọ́ ṣe ń gbà á. Ẹni tó ti lé ní 60 ọdún tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ewu tó ju ti ọ̀dọ́ lọ pé ó lè bá a jà gidigidi, dókítà tó mọ ara yín ló sì gbọ́dọ̀ sọ bóyá kí ẹ gbà á tàbí kí ó kọ ìwé àyọ̀ǹda fún yín láti lọ láìgbà á. Ọjọ́ mẹ́wàá ni abẹ́rẹ́ náà fi ń ṣiṣẹ́ kí káàdì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan ń ta káàdì ní ibùdókọ̀ láìfún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi owó yín ra irọ́ tí yóò sọ yín di ẹni ìtìjú lọ́wọ́ àgbà.

Ti ọkọ̀ ló le díẹ̀. Ẹ kó gbogbo páátíkúlà rẹ̀ dání, ojúlówó, kì í ṣe ẹ̀dà nìkan, kí orúkọ tó wà níbẹ̀ sì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Bí orúkọ ọmọ yín ló bá wà lórí ìwé ọkọ̀, kí ó kọ ìwé àṣẹ fún yín, kí ó sì búra sí i ní kóòtù. Ìwé owó-orí kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n san nígbà tí ọkọ̀ náà wọ Nàìjíríà ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀, ní àbọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ ó fi hàn pé ọkọ̀ tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ lẹ gbé jáde. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ìwé adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń dójútòfò ọkọ̀ yín. Láti ọdún 1982 ni àdéhùn rẹ̀ ti wà, òun ni yóò sì gbà yín bí ẹ bá ṣèèṣì pa ẹlòmíràn lára tàbí ba dúkìá rẹ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ àjèjì. Kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó kárí ayé. Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, àwọn aṣọ́bodè yóò kọ ìwé àyè fún ọkọ̀ náà fún iye ọjọ́ kan. Ẹ ka ọjọ́ náà kí ẹ tó kúrò níwájú wọn, kí ẹ sì dá ìwé náà padà nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ohun èlò ìpaná, àmì onígun mẹ́ta tí a ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá kọṣẹ́, àti àpótí oògùn pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀.

Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ la fara mọ́ fún ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ. Òótọ́ ni pé Ìdìrókò yọ ènìyàn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ṣùgbọ́n ní Sẹ̀mẹ̀, láti ọdún 2018, ọgbà kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Benin ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ọkọ̀ sì máa ń yá níbẹ̀. Ẹ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Àsùbáà, kí ẹ sùn ní Àgbádárìgì, kí ẹ wọ Benin ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ má ṣe sáré kọjá Àjàṣẹ́ tí àwọn ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Kò jìnnà sí ẹnubodè rárá, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá lọ́jà àti lójú pópó. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Lára wọn ni àwọn tí àwọn òbí wọn ti oko ẹrú Brazil padà dé, wọ́n sì kọ́ ọ ní àwòṣe ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil. Ẹni tó bá rí iwájú rẹ̀ láti òkèèrè lè rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, títí tí yóò fi gbọ́ ìpè ìrun. Ẹ kírun kan níbẹ̀, kí ẹ jókòó ti àwọn àgbàlagbà ibẹ̀. Ní ti Gánà, àwọn Yorùbá ti pọ̀ níbẹ̀ rí ju bí ẹ ó ṣe bá wọn lọ, nítorí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò. Títí di òní, ìdílé tí òfin náà tú ká ṣì wà nílẹ̀ wa àti nílẹ̀ wọn. Ní Abidjan, àwọn ará Èjìgbò ti fìdí múlẹ̀ láti ìrandíran. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ béèrè nínú ẹgbẹ́ àsàlátù yín ẹni tó ní ìbátan ní àwọn ìlú wọ̀nyí, nítorí ẹni mímọ̀ kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan wúlò fún yín ju hòtẹ́ẹ̀lì tó wọ́n lọ.

Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire, Gánà nìkan ló ń ná sídì. Ẹ má ṣe ṣẹ́ gbogbo owó yín lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró ní ẹnubodè. Oṣù kọkànlá ló dára láti gbéra, nígbà tí òjò ti dá, kí ẹ sì ti padà wálé kí Rámádánì tó wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni arìnrìn-àjò ṣe ń kírun lójú ọ̀nà báyìí? Ẹ̀rù oúnjẹ náà ń bà mí, nítorí n kò gbọ́ Faransé. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ lọ sí Lomé àti Accra. (Alhaja kan, Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Alhaja, ẹ̀sìn ti mú un rọrùn fún yín. Sura kẹrin, áyà 101, ló fún arìnrìn-àjò láyè láti gé ìrun kúrú. Àwọn ìrun onírakà mẹ́rin, ìyẹn Àìlà, Aláásárì àti Ìṣáì, yóò di méjì-méjì. Àsùbáà àti Mọ̀gàrìbì dúró bí wọ́n ṣe wà. Ẹ lè kó Àìlà àti Aláásárì pọ̀ sí àkókò kan, kí ẹ sì kó Mọ̀gàrìbì àti Ìṣáì pọ̀. Ní ìlànà Màlíkì, ọ̀kan lára àwọn ìlànà òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa ń tẹ̀lé, ìrìn tó tó nǹkan bí 80 kìlómítà ló ń mú èyí tọ́, tiyín sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó jáde ní Nàìjíríà. Ìgbà tí ẹ bá ti fi ilé tó kẹ́yìn ní Ṣàgámù sẹ́yìn lẹ lè bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti inú ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ ní Accra, ẹ ó máa kí i pé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá kírun lẹ́yìn lèmọ́mù tó jẹ́ onílé.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn ará wa láàmú. Aago Nàìjíríà àti ti Benin dọ́gba, àmọ́ bí ẹ bá ti wọ Tógò, aago yóò fi wákàtí kan padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí dé Abidjan. Oòrùn kò padà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Ní Lomé, oòrùn ń yẹ àtàrí ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tó jẹ́ pé tiwa ń súnmọ́ aago kan. Ẹ tún aago ìrun inú fóònù yín ṣe, tàbí kí ẹ wo òjìji. Ní ti Kíbùlà, ìyẹn ibi tí a ń kọjú sí kírun, kò sí ìyípadà tó ṣe gúnmọ́ láti Ṣàgámù dé Accra: ìlà-oòrùn ni, tó yẹ̀ sí àríwá.

Omi inú kẹ́ẹ̀gì kan ti tó fún àlùwàlá lójú ọ̀nà, nítorí náà kò ní sí ìdí fún tàyámọ́mù, ìyẹn fífi iyẹ̀pẹ̀ rọ́pò omi àlùwàlá. Ní ti oúnjẹ, ẹ béèrè Zongo ní ìlú yòówù tí ẹ bá dé ní Tógò àti Gánà. Bí Sábó ṣe rí ní Ṣàgámù ni Zongo rí níbẹ̀, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí àlejò ni, ẹran tí wọ́n ń tà níbẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n dúńbú bó ti yẹ. Gààrí Ìjẹ̀bú tí ẹ bá gbé dání kò ní ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, nítorí gààrí náà ni wọ́n ń pè é ní gbogbo ọ̀nà yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn òbí mi, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, fẹ́ fi ọkọ̀ rin irú ìrìn-àjò yìí. Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ǹjẹ́ kí n dá wọn dúró? (Ọmọ wọn, Ìpẹ́rù-Rẹ́mọ)

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe dá wọn dúró. Ẹ mú bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ìfúnpá rẹ̀ bá ti dúró sójú kan lórí oògùn, ìrìn-àjò kò léèwọ̀ fún un. Kí oògùn náà ju iye ọjọ́ ìrìn-àjò lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n pín in sí báàgì méjì, kí orúkọ oògùn sì wà nínú ìwé tí dókítà fọwọ́ sí. Kí wọ́n máa dúró ní wákàtí méjì-méjì kí wọ́n rìn díẹ̀, nítorí ìjókòó pípẹ́ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀ àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í fẹ́ gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e kalẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ìlànà ẹ̀sìn wọn ni pé kí a tètè sin Mùsùlùmí, ibi tó bá kú sí ni a sì ń sin ín. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ lójú gbogbo ọmọ, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìyá yín má baà dá dúró ní ilẹ̀ àjèjì pẹ̀lú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀yin ọmọ má sì máa bá ara yín jà lórí fóònù. Ẹ̀dà gbogbo ìwé wọn ni kí ó wà lọ́wọ́ yín. Bí ọ̀kan nínú yín bá sì lè gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, kí ó bá wọn wakọ̀ láti Accra dé Abidjan, nítorí apá yẹn ló gùn jù, bàbá kò sì gbọ́dọ̀ dá a wà.