Ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà: èsì fún Ìyá Ìbejì tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní ìgbèríko Faransé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 57 ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé. A ti ra kẹ̀kẹ́, a sì ti ń gùn ún ní páàkì láti bí oṣù mélòó kan. A fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Faransé nínú oṣù Kẹfà, ká máa ti abúlé bọ́ sí abúlé. Mọ́tò ni ìṣòro mi. Nígbà tá a kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún tó kọjá, ọ̀nà tí wọ́n fi àmì kẹ̀kẹ́ sí lórí máàpù ló gbé wa jáde sójú títì tí tírélà ń gbà. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí alẹ́. Ibo la lè gbà gan-an tí a ò ní pàdé wọn? Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu tírélà o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó àwọn oníkẹ̀kẹ́ rìn nílẹ̀ Faransé, ohun tó ṣe yín yìí sì ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó bá ti dá lọ kí wọ́n tó wá bá mi. Máàpù yẹn ò parọ́. Orúkọ ló tàn yín jẹ.

Orúkọ méjì ló wà, wọ́n sì jọra létí àlejò: voie verte àti véloroute. Voie verte ni ọ̀nà tí òfin sé mọ́ mọ́tò àti alùpùpù. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín, àwọn ẹlẹ́ṣin náà sì ń gbà á láwọn ibì kan. Láti ọdún 2004 ló ti wà nínú òfin ìrìnnà wọn. Véloroute yàtọ̀. Ọ̀nà jíjìn tí wọ́n fi àmì tọ́ fún oníkẹ̀kẹ́ lásán ni: ó lè gba orí voie verte fún wákàtí kan, kó já sí títì abúlé tí mọ́tò ń gbà, kó tún padà sínú igbó. Ìwé ìpolówó ìrìn-àjò a máa fi ìlà kan náà, àwọ̀ kan náà, ya gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni tírélà ti bá yín. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọ̀nà kan fún yín, ẹ má bi í bóyá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ bi í pé kìlómítà mélòó nínú rẹ̀ ló jẹ́ voie verte. AF3V, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ véloroute àti voie verte nílẹ̀ Faransé, ní máàpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ya èyí sọ́tọ̀ fún gbogbo Faransé.

Ẹni tó bá mọ ibi tí àwọn ọ̀nà yìí ti wá á lè fojú ara rẹ̀ wá wọn. Ọ̀nà ojú irin àtijọ́ lọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà kan, rélùwéè kéékèèké ló so abúlé mọ́ abúlé níbẹ̀. Mọ́tò dé, èrò dínkù, wọ́n ń ti ọ̀nà náà pa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n hú irin kúrò, ilẹ̀ ṣẹ́ kù. Rélùwéè kì í lè gun òkè tó ga, nítorí náà àwọn tó la ọ̀nà rẹ̀ ti gé òkè sí méjì, wọ́n sì ti fi afárá sọdá àfonífojì. Èrè iṣẹ́ wọn ni ẹ̀yin ń jẹ lónìí. Ẹ ó máa gùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan, ojú yín ò ní rí òkè kankan, ẹsẹ̀ yín nìkan ni yóò sọ fún yín.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ní ọdún 1997, ti Givry lọ sí Cluny ní Burgundy, kìlómítà 44. Wọ́n ti fà á síwájú sí apá Mâcon báyìí, ó sì gba inú ihò abẹ́ òkè kan tí wọ́n ń pè ní Bois Clair, tó gùn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ. Àwọn àdán ló ni ihò yẹn nígbà òtútù. Wọ́n máa ń tì í pa kí wọ́n lè rí oorun sùn. Nínú oṣù Kẹfà á wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n ẹ mú súwẹ́tà, torí òtútù inú rẹ̀ ò mọ̀ pé oòrùn ń ràn níta.

Orísun kejì ni etí omi. Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹṣin àti èèyàn ló ń fi okùn fa ọkọ̀ ẹrù lórí odò àti lórí ipa omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, etí omi ni wọ́n sì ń gbà. Ọ̀nà àwọn ẹṣin yẹn, tí wọ́n ń pè ní chemin de halage, ti di ti kẹ̀kẹ́. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, àfi níbi àwọn ilẹ̀kùn omi tí ọkọ̀ fi ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀.

Ó yá, ibo ni kí ẹ gbà? Ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ méjì nínú oṣù Karùn-ún dán ara yín wò. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Newhaven, ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ẹ ti dé Dieppe. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ dé Arques-la-Bataille tó wà nítòsí, ibẹ̀ ni voie verte ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ó sì lọ tó kìlómítà 45 dé Forges-les-Eaux láàárín oko màlúù. Ẹ dúró ní Neufchâtel-en-Bray, kí ẹ ra wàràkàṣì wọn tí wọ́n ń ṣe bí àwòrán ọkàn. Ara ọ̀nà tó lọ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Paris ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín lójú: tí ẹ bá kọjá Forges, títì kéékèèké àti òkè ló kù. Ẹ sun ibẹ̀, kí ẹ padà lọ́jọ́ kejì.

Fún ọ̀sẹ̀ yín nínú oṣù Kẹfà, odò Mayenne ni màá mú yín lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Portsmouth lọ sí Ouistreham, kí ẹ tẹ̀lé àmì Vélo Francette. Ọ̀nà yìí lọ títí dé La Rochelle, ó lé ní kìlómítà 600, ẹ̀yin ò nílò gbogbo rẹ̀. Ẹ gba etí omi wọ Caen, lẹ́yìn náà ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ lọ sí Thury-Harcourt àti Clécy. Láàárín Clécy sí Domfront, ẹ ó bá títì abúlé àti òkè pàdé. Mo ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ẹ má baà bínú sí mi. Láti Domfront dé ìlú Mayenne, ọ̀nà ojú irin àtijọ́ ni ẹ ó tún gbà, láti ibẹ̀ sì ni etí odò bẹ̀rẹ̀, bíi kìlómítà 85 láìsí mọ́tò, gba Laval àti Château-Gontier dé Daon. Ní temi, kò sí ibi tó dákẹ́ tó ibẹ̀. Omi ń dún níbi ilẹ̀kùn, ẹyẹ àkọ̀ dúró lẹ́bàá rẹ̀, òun náà ò sá fún yín. Tí ẹ bá fẹ́ padà, Laval ni kí ẹ ti wọ TER, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin ẹkùn, lọ sí Le Mans, kí ẹ wọ òmíràn lọ sí Caen. Ẹ béèrè tẹ́lẹ̀ nípa àyè kẹ̀kẹ́, torí àwọn ẹkùn kan ń fẹ́ kí èèyàn gba àyè sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn èèyàn á sọ fún yín pé Loire ni kí ẹ lọ. Ó dára, ààfin ọba pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi ni ẹ ó ti pín títì pẹ̀lú mọ́tò, èrò sì pọ̀. Tí ẹ̀rù títì bá ṣì ń bà yín lẹ́yìn Dieppe, tí ẹ kò sì fẹ́ òkè rárá, etí Canal de Garonne, ipa omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, ni kí ẹ lọ, láti Castets-en-Dorthe dé Toulouse, kìlómítà 193 lórí ọ̀dà. Ọkọ̀ ojú irin Bordeaux sí Toulouse ń tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó bá rẹ̀ á wọ̀ ọ́ ní Agen tàbí Moissac. Tí ẹ bá kọjá Toulouse ni ẹ ó bá Canal du Midi, ipa omi àfọwọ́gbẹ́ tó gbajúmọ̀. Tí ẹ bá ti jáde kúrò ní Haute-Garonne, ẹkùn tí Toulouse wà, ẹ máa retí erùpẹ̀ àti gbòǹgbò igi.

Ibi tí voie verte ti ń sọdá títì ni ewu wà. Mọ́tò kì í dúró fún yín níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó dúró. Wọ́n sì máa ń ri irin mọ́lẹ̀ kí mọ́tò má baà wọlé. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ kọjá, àpò ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ti há sí i rí lójú mi.

Oúnjẹ: ṣọ́ọ̀bù abúlé ń tì lọ́sàn-án, ní Ọjọ́ Àìkú láti ọ̀sán wọn kì í ṣí mọ́, lọ́jọ́ Ajé ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì ń sinmi. Ẹ rà á lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Omi ńkọ́? Ẹ lọ sí itẹ́ òkú abúlé. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, èmi náà kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó. Ẹ wò ó dáadáa: tí wọ́n bá kọ "non potable" sí i, ẹ má mu ún. Ẹ kí àwọn onílé kí ẹ tó bu omi, kò sí ẹni tó máa rí yín.

Òfin wọn ò le. Agogo àti iná pọn dandan, ohun tí wọ́n ń kì bọ etí gbọ́ orin kò gbọdọ̀ sí létí yín, aṣọ tó ń tàn sì di dandan lóru lẹ́yìn ìlú. Tó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì ò lè wọ Faransé fún yín. Ẹ tètè lọ gba físà Schengen.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ yín kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ ojú omi. Etí odò Mayenne kì í ṣe ọ̀dà, iyanrìn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Tí nọ́ńbà ìbú táyà, ní mìlímítà, tí ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá kéré sí 35, ẹ lọ pààrọ̀ táyà.