Jakúsì méjì, òǹtajà méjì: èwo ni ká rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń tọ́jú owó láti ra jakúsì, ọpọ́n ńlá tí èèyàn ń jókòó sínú omi gbígbóná rẹ̀, tí a máa gbé sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, dókítà wọn sì ní omi gbígbóná lè mú kí ara tù wọ́n díẹ̀. Méjì la ti rí. Àkọ́kọ́ ní jẹ́ẹ̀tì 60, wọ́n ní èèyàn mẹ́fà ló ń gbà. Ibi ìpàtẹ ọjà kan la ti rí i, ẹni tó ń tà á sì ní bí a bá sanwó kí ìpàtẹ náà tó parí, òun á dín owó rẹ̀ kù gan-an. Èkejì ní jẹ́ẹ̀tì 32, ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí wa. Àwọn ọmọ ní ká ra èyí tó ní jẹ́ẹ̀tì 60. Báwo la ṣe máa fi wọ́n wéra? Kí ló sì yẹ ká bi àwọn tó ń tà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, màmá wa, ẹ bá mi kí bàbá. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Èmi kì í ta jakúsì o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé e kalẹ̀, kí n sì tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni mo sábà máa ń wà, níbi tí ẹni tó fẹ́ rà á kì í bẹ̀ wò, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ iye jẹ́ẹ̀tì fún mi, ẹ sọ iye èèyàn, ẹ sì sọ èyí tó wọ́n. Ẹ ò sọ bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe ń pa ooru mọ́. Ẹ ò sọ ẹni tó máa wá lọ́jọ́ tí omi bá kọ̀ tí kò gbóná mọ́. Ẹ ò sì sọ pé bàbá ti jókòó sínú èyíkéyìí nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn wọn lẹ tìtorí ẹ̀ fẹ́ rà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti jẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́nà. Jẹ́ẹ̀tì ni àwọn ẹnu tí omi ti ń tú jáde láti na ara, pọ́ǹpù ló sì ń ti omi dé ibẹ̀. Ẹ mú páìpù omi kan, kí ẹ lu ihò mẹ́ta sí i lára, omi á tú jáde tagbára-tagbára. Ẹ lu ihò ogún sí páìpù kan náà, ńṣe ni omi á máa sun wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí jẹ́ẹ̀tì 60 ṣe rí nìyẹn tí kò bá sí pọ́ǹpù tó tó o lẹ́yìn. Ẹ béèrè pé pọ́ǹpù mélòó ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, báwo ni agbára wọn sì ṣe tó. Tí wọ́n bá dárúkọ agbára náà fún yín, ẹ tún béèrè bóyá èyí tí pọ́ǹpù ní nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìdúró ni, torí àwọn kan máa ń kọ agbára ìṣẹ́jú àáyá tó kọ́kọ́ ta kìjí, èyí sì máa ń pọ̀ ju èyí tí ẹ máa rí lò lọ. Ti èèyàn mẹ́fà náà, ẹ má gbára lé e. Nínú èyí tí wọ́n bá pè ní ti èèyàn mẹ́fà, mẹ́rin ló sábà máa ń jókòó tí ẹsẹ̀ wọn kò ní máa kọ lu ara wọn.

Ẹ sọ fún òǹtajà méjèèjì pé ẹ fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná kí ẹ tó sanwó. Èyí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní ọ̀kan tí omi wà nínú rẹ̀, á sì ní yàrá tí ẹ ti lè pààrọ̀ aṣọ. Ẹ mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti táwẹ́ẹ̀lì dání. Kí bàbá jókòó sí gbogbo àyè tó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé omi náà ń bá ibi tó ń dùn wọ́n gan-an, àbí egungun èjìká ló ń bá? Ṣé ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀? Àyè kan wà tí wọ́n ṣe bí ibùsùn, ó máa ń wu èèyàn lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ga, omi á kàn máa gbé e léfòó kúrò níbẹ̀ ni. Mo ti rí ìdílé tí wọ́n rà á nítorí àyè yẹn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè dùbúlẹ̀ sí i. Ẹ tún wò ó bí bàbá ṣe ń wọlé àti bí wọ́n ṣe ń jáde. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn nílò ohun tó máa dì mú àti àtẹ̀gùn tí kò ní yọ̀ ọ́, ìrora ibi àtijáde sì lè ba gbogbo ìtura inú omi jẹ́. Kí wọ́n tan gbogbo pọ́ǹpù, kí ẹ̀yin méjèèjì wá máa bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá ariwo rẹ̀ á ṣeé fara dà.

Tí ẹ bá jáde, ẹ ní kí wọ́n dé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ wá etí ìdérí náà yí ká, kí ẹ sì fi ọwọ́ wá ojú ibi tó ti ń ṣẹ́ po láàárín. Bí atẹ́gùn gbígbóná bá ń jáde níbẹ̀, owó iná yín ló ń jáde lọ yẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti ooru yìí, torí òun ni ẹ ó máa san owó lé lórí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi ní jakúsì náà. Ká sọ pé omi inú rẹ̀ jẹ́ 1,500 lítà. Láti gbé e láti 15°C dé 38°C, nǹkan bí yúníìtì iná 40 ló máa lọ sí i. Hítà 3 kílówáàtì á lo ju wákàtí 13 lọ. Èyí tó jẹ́ kílówáàtì kan péré, tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, á lo ju wákàtí 40 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ omi, ni ẹ máa ṣe wàhálà yẹn. Ohun tó ń jẹ owó lójoojúmọ́ ni ooru tó ń sá jáde, tí hítà sì ń tún dá padà tọ̀sán-tòru. Ìdérí àti fóòmù abẹ́ rẹ̀ ló ń dí i lọ́nà.

Ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ jakúsì náà fún yín. Àwọn kan fi fóòmù kún gbogbo àyè láàárín ọpọ́n àti ara ìta, àwọn kan kàn lẹ fóòmù mọ́ ara ògiri rẹ̀ yí ká, àwọn mìíràn kò ju bébà dídán tín-ínrín lọ. Èyí tí fóòmù kún inú rẹ̀ ló máa ń fún àwa oníṣẹ́ ní wàhálà jù bí páìpù bá ń jò, torí a máa gbẹ́ fóòmù náà kiri kí a tó rí ibẹ̀. Síbẹ̀ òun ni mo máa rà bí mo bá ń gbé níbi tí òtútù ti ń mú, torí ó ń pa ooru mọ́, ó sì ń di àwọn páìpù mú kí wọ́n má bàa máa gbọ̀n. Ní ti ìdérí, ẹ gbé e sókè fúnra yín. Ó yẹ kó nípọn láàárín ju etí lọ kí òjò lè máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Tí omi bá ti wọ inú fóòmù rẹ̀, á wúwo bí òkúta, kò sì ní lè dá ooru dúró mọ́, nítorí náà ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta ìdérí tuntun kí ẹ tó ra jakúsì fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti fi òfin dè é pé kí àwọn tó ń ṣe jakúsì wọn iye iná tó ń jẹ nígbà tí wọ́n bá dé e tí ẹnikẹ́ni kò lò ó, kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè wò ó. Ẹ béèrè nọ́ńbà yẹn fún méjèèjì. Bí òǹtajà kò bá mọ̀ ọ́n, ó lè bi ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ẹ sì mọ ilé iṣẹ́ náà lórúkọ. Àwa ló ń pe gbogbo wọn ní jakúsì. Orúkọ ìdílé kan láti Ítálì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ni Jacuzzi: Candido Jacuzzi ló ṣe pọ́ǹpù kan tí wọ́n ń gbé sínú ọpọ́n ìwẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ tí làkúrègbé ń dà láàmú, Roy Jacuzzi ló sì ṣe ọpọ́n tí jẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1968. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ti wọ òwò náà láti ìgbà yẹn, àwọn kan nínú wọn sì ti kógbá wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tà á ló wá kù, òun ló sì ká mi lára jù. Wọ́n pè mí sí ilé tọkọtaya kan tí wọ́n ra jakúsì níbi ìpàtẹ. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rìnlá, bọ́ọ̀dù tó ń darí rẹ̀ jó. Ẹni tó tà á fún wọn kò gbé ìpè wọn mọ́. Wáráńtì ọdún márùn-ún tí wọ́n fà lé wọn lọ́wọ́, ara ọpọ́n nìkan ló wà fún, kò kan ẹ̀rọ rárá. Bọ́ọ̀dù náà kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà káàkiri. Oṣù mẹ́ta gbáko ni omi tútù fi wà níbẹ̀ kí a tó rí òmíràn. Ìyá tó ni ín ń sunkún níwájú mi, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ.

Nítorí náà, ẹ ka wáráńtì náà ní ìlà-ìlà. Ti ara ọpọ́n yàtọ̀ sí ti páìpù, ti páìpù yàtọ̀ sí ti pọ́ǹpù àti bọ́ọ̀dù, owó iṣẹ́ sì tún dá dúró lọ́tọ̀. Ta ló ń san owó ọkọ̀ oníṣẹ́? Ṣé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló dúró fún un, àbí òǹtajà nìkan? Tí òǹtajà bá tilẹ̀kùn ńkọ́? Ẹ béèrè ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù rẹ̀. Balboa àti Gecko ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, èyí sì ń mú kó rọrùn fún irú èmi láti rí òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà àwọn tó ti rà lọ́wọ́ wọn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó rà á lóṣù tó kọjá ṣì ń yọ̀ ni, kò tíì mọ nǹkan kan. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í ṣe: kí ẹ tó rà á, ẹ pe nọ́ńbà àwọn tó ń ṣàtúnṣe, kì í ṣe ti àwọn tó ń tajà. Ẹ béèrè pé bí jakúsì bá kọṣẹ́ lónìí, ọjọ́ wo ni wọ́n máa wá. Bí wọ́n ṣe dáhùn yín lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa dáhùn yín.

Ẹ wo èyí tó máa wá wo ilé yín kó tó gbowó pẹ̀lú. Omi 1,500 lítà jẹ́ 1,500 kílò. Ẹ fi nǹkan bí 350 kílò ti ọpọ́n kún un, àti èèyàn márùn-ún, ó ti ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Kọnkéré tó tẹ́jú ló yẹ kó gbé e, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e sórí pákó tàbí òkè ilé láìjẹ́ pé ẹnjiníà wò ó. Ó gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, àyè sì gbọ́dọ̀ wà fún oníṣẹ́ láti ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó kọ́ṣẹ́ ni kó fa wáyà rẹ̀, pẹ̀lú bíréékà tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń yọ́ lọ síbi tí kò yẹ. Òǹtajà tí kò béèrè ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ó fẹ́ já a sí ẹnu géètì yín kó máa lọ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé jakúsì tòun kò nílò kẹ́míkà torí ó ní ozone (afẹ́fẹ́ tó ń pa kòkòrò) tàbí iná UV (ìmọ́lẹ̀ tó ń pa kòkòrò), ẹ má gbà á gbọ́. Wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ ni, wọn ò lè dá a ṣe. Omi gbígbóná máa ń tètè lo chlorine, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò, tán, àwọn kòkòrò àrùn bíi Legionella sì fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀. Chlorine kò gbọdọ̀ dín sí 3 ppm (ìdá mẹ́ta nínú mílíọ̀nù), tàbí bromine tí àwọn kan ń lò dípò rẹ̀ sí 4 ppm, pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 7.0 sí 7.8. Òǹtajà gidi á kọ́ yín bí ẹ ṣe ń dán an wò. Ẹ tún yẹ ìdérí ihò tó ń fa omi wọlé wò, kó dúró ṣinṣin, kó má sì sán. Ọmọdé ọdún méje kan kú nínú jakúsì ní Amẹ́ríkà ní 2002 nígbà tí irú ihò bẹ́ẹ̀ fà á mọ́lẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀ sì jáde ní 2007.

Fún bàbá, ẹ bi dókítà wọn bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọkàn wọn gbà wọ́n láyè. Omi kò gbọdọ̀ kọjá 40°C, ìṣẹ́jú 15 sì tó lẹ́ẹ̀kan, láìmu ọtí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Èwo ni kí ẹ wá rà? Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, ti jẹ́ẹ̀tì 32 ni ọkàn mi fà sí, bí ṣọ́ọ̀bù náà bá ní oníṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọn ò bá ní, pé wọ́n wà nítòsí kò ṣe yín láǹfààní kankan. Owó tó máa gòkè bí ìpàtẹ ọjà bá parí yẹn, ẹ jẹ́ kó gòkè. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìdérí, àtẹ̀gùn, kẹ́míkà, owó ìgbéwá, owó iná. Ẹ ó rí i pé àlàfo tó wà láàárín owó méjèèjì lè má tó bí ẹ ṣe rò. Lẹ́yìn tí bàbá bá ti jókòó sí méjèèjì, ẹ kọ iye pọ́ǹpù, orúkọ ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù àti iye iná tó ń jẹ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì ya fọ́tò wáráńtì náà kún un. Màá bá yín kà á.