Compiler Tuntun, Library Àtijọ́: Kí Ló Dé Tí Linker Fi Kọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lẹ́bàá ọgbà LAUTECH. Èdè C++ ni mo fi kọ ètò tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fi ń ṣe ìṣirò owó. Nígbà tí a kó o kúrò lórí Ubuntu 14.04 bọ́ sí 22.04, compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ) kò rí àṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n linker (ètò tó ń so àwọn apá kóòdù pọ̀ di ọ̀kan) ń sọ pé "undefined reference", ìyẹn ni pé kò rí i, sí function tó ń tẹ rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ function yẹn wà nínú library (àkójọ kóòdù tí compiler ti ṣe tán), fáìlì .a, tí ẹnìkan bá wa ṣe nígbà náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà nínú kóòdù yín. Compiler GCC 4.8 ló wà lórí Ubuntu 14.04, GCC 11 ló sì wà lórí 22.04, láàárín àwọn méjèèjì, ní ọdún 2015, GCC 5 yí bí std::string (tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀) àti std::list (tó ń tọ́jú àkójọ) ṣe ń jókòó sínú mẹ́mórì padà. Òfin C++11 ló fà á: tẹ́lẹ̀, string méjì tàbí mẹ́ta lè jọ máa lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi fẹ́ yí i padà, òfin tuntun kò sì gba èyí láàyè mọ́. Kí ti àtijọ́ àti ti tuntun má baà dàpọ̀ láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n fi __cxx11 sí orúkọ ti tuntun.

Ká ní teRisiti ni orúkọ function náà, librisiti.a sì ni fáìlì .a yín. Ẹ fara balẹ̀ ka ìlà tí linker kọ. Tí ẹ bá rí teRisiti(std::__cxx11::basic_string<char...>) níbẹ̀, ẹ wá tẹ nm -C librisiti.a (àṣẹ tó ń to àwọn orúkọ inú library), ẹ ó sì rí i pé T teRisiti(std::string) ni ti inú fáìlì náà; T yẹn ń sọ pé function náà wà níbẹ̀. Lójú linker, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà lẹ ṣe kọ wọ́n. Ó sì dára tó kọ̀: ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó olówó, ká ní ó gbà ni, ó lè jẹ́ ìgbà tí ètò náà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni yóò dáwọ́ dúró lójijì, tàbí kó tẹ ìranù sórí rìsíìtì ọmọ ẹgbẹ́.

Àtúnṣe tó dájú ni pé kí ẹ gba kóòdù library náà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kí ẹ fi make clean pa gbogbo fáìlì .o àtijọ́ (èyí tí compiler ṣe látinú fáìlì kóòdù kọ̀ọ̀kan) rẹ́, kí ẹ sì fi GCC 11 kan náà tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Tí kóòdù yẹn bá ti sọnù, ẹ lè fi -D_GLIBCXX_USE_CXX11_ABI=0, tó ń sọ fún compiler pé kó lo string ti àtijọ́, sí gbogbo fáìlì C++ tiyín, kì í ṣe sí ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kí linker tún wá sọ pé "recompile with -fPIE", nítorí láti 16.10 ni Ubuntu ti ń lo PIE (ètò tó ṣeé kó sí ibikíbi nínú mẹ́mórì) láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè fún un. Ẹ fi -no-pie sí i nígbà tí ẹ bá ń lo linker. Ṣùgbọ́n n kò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ pẹ́ lórí ọ̀nà yìí, torí pé library C++ mìíràn tí ẹ bá fi apt gbà, tí function rẹ̀ ń gba std::string, ti tuntun ló máa ń lò, ìjà náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì.

Tó bá jẹ́ "multiple definition" (pé orúkọ kan wà níbi méjì) lẹ rí nínú kóòdù C, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Láti GCC 10, ti ọdún 2020, variable tí ẹ kọ sínú header (fáìlì .h tí àwọn fáìlì .c jọ ń lò) láìsí extern (ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé ibòmíràn ni variable náà gan-an wà) kì í dàpọ̀ di ọ̀kan fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹ fi extern sí i nínú header, kí ẹ sì kọ variable náà gan-an sínú fáìlì .c kan ṣoṣo.