Ẹ Bi Wá: Ṣé ẹsẹ̀ tó gun Ìdànrè lè gun òkè Colorado?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ẹni ọdún 58 ni mí. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Aurora, lẹ́bàá Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado l'Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì ń lọ bá wọn tọ́jú ọmọ ní oṣù keje. Ọkọ rẹ̀ ní òun fẹ́ mú mi lọ wo adágún kan lórí òkè, Sky Pond, ká lọ láàárọ̀ ká bọ̀ nírọ̀lẹ́. Mo ti gun Olúmọ, mo sì ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè dókè. Ṣé màá lè ṣe é? Ṣé ẹranko búburú ò sì sí níbẹ̀? — Ìyá Àgbà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, èémí yín ni. Denver tí ẹ máa sọ̀kalẹ̀ sí, kẹ́ ẹ tó rí òkè kankan, fi 5,280 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Orí òkè Ìdànrè ò ju nǹkan bí 3,000 lọ. Glacier Gorge, níbi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ọgbà ìjọba Rocky Mountain National Park, lé ní 9,200. Sky Pond fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bí 10,900. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́: bí ẹ bá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ìgbà tí ẹ mí lẹ́ẹ̀mejì l'Ékòó ni.

Ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ọjọ́ kẹta tó ti Èkó dé ọ̀dọ̀ wa ni mo ti mú un gòkè, agídí ni tèmi. Ó rìn dáadáa kọjá ìtàkìtì omi Alberta Falls, ó tiẹ̀ ń kọrin. Nígbà tá a dé adágún The Loch, ó jókòó sórí òkúta, ó ní orí ń fọ́ òun, ìrẹsì àárọ̀ sì padà jáde. Mo ṣì ń sọ pé a ti fẹ́ débẹ̀. Obìnrin kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ló bá mi wí pé kò sí oògùn tó ju ká yíjú padà lọ. Ká tó dé ibi tá a gbé mọ́tò sí, ẹ̀gbọ́n mi ti ń bèèrè oúnjẹ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti dé Denver kí ẹ tó lọ. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí èébì sì ń gbé yín, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì.

Ohun kan wà tó kan ilé Yorùbá gan-an: jẹ́nótáìpù. SS ò gbọ́dọ̀ dán an wò. AS tí kì í yọ wá lẹ́nu nílé náà ti dá àwọn kan lóró lórí òkè gíga, tí ìrora ńlá mú wọn lábẹ́ ìhà òsì. Ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, pàápàá bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nísinsìnyí, bí ẹ bá fẹ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, The Loch ti tó yín. Ó ga tó nǹkan bí 10,190, omi rẹ̀ tòrò, àpáta yí i ká, ó sì dín ìrìn yín kù sí nǹkan bí máìlì mẹ́fà ní àlọ àti àbọ̀. Sky Pond á gbà tó mẹ́sàn-án. Kẹ́ ẹ sì tó débẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá gòkè lórí òkúta tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Timberline Falls. Mo ti rí géńdé tó dúró síbẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ẹ sọ fún ọkọ ọmọ yín kó ti gba àyè wíwọ ọgbà náà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì tètè jáde nílé. Lóṣù keje, àrá sábà máa ń sán lẹ́yìn ọ̀sán, ibi tí igi ti tán kò sì ní ibi ìsápamọ́sí. Kó tó di aago méjìlá, kí ẹ ti máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Ẹ má wọ aṣọ òwú. Mo wọ jíìnsì lọ nígbà kan, yìnyín bọ́ lù mí, jíìnsì náà ò gbẹ títí mo fi délé, eyín mi ń lu ara wọn nínú oṣù kẹjọ. Ẹ gbé omi dání, ẹ má bu omi odò mu bó ti wù kó mọ́ tó.

Ní ti ẹranko, béárì wà, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ rí èèyàn. Moose, irú àgbọ̀nrín ńlá kan, ni kẹ́ ẹ jìnnà sí: ó ga ju màlúù lọ, ìyá rẹ̀ kì í sì í ṣeré bí ọmọ bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó máa yọ yín lẹ́nu jù ni marmot, ó dà bí òkété tó jẹun kánú. Òfin kọ̀ ọ́ pé kẹ́ ẹ fún un ní nǹkan jẹ, àmọ́ kì í dúró kẹ́ ẹ fún òun. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń bì lọ́wọ́ ni ọ̀kan fi eyín ya ọ̀rá kúlíkúlí rẹ̀.