Kápúsù sẹ́lẹ̀rì fún rọpárọsẹ̀: ẹ jẹ́ ká mọ irú èyí tó ṣe bàbá ná

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Olúwa á gbé wọn dìde. Ẹ ní rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀ ní Ìbàdàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yin wà ní Guangzhou níbí, ẹ sì fẹ́ ra kápúsù sẹ́lẹ̀rì (ewébẹ̀ kan ni sẹ́lẹ̀rì) táwọn ará Ṣáínà ń lò, pẹ̀lú Danshen, egbòogi ìbílẹ̀ wọn kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ ń bèèrè iye tí wọ́n máa lò lóòjọ́. Oògùn sẹ́lẹ̀rì yẹn ni wọ́n lò fún ọkọ mi nígbà tó ṣubú ní ìlú yìí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́.

Ẹ má pè é ní àgbo. Butylphthalide lorúkọ rẹ̀. Inú irúgbìn sẹ́lẹ̀rì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, àmọ́ ilé iṣẹ́ oògùn ló ń ṣe é báyìí, kò sì sí bí ẹ ṣe lè se sẹ́lẹ̀rì nínú ìkòkò kó dà bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí i ní 2002 fún irú rọpárọsẹ̀ kan ṣoṣo: èyí tí ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan ọpọlọ. Èyí tí iṣan bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya sínú ọpọlọ, ọ̀tọ̀ ni. Ẹnu á wọ́, apá á rọ nínú méjèèjì, kò sí àgbà dókítà tó lè fojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ló ń sọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, mi ò rí CT scan.

A ń di ẹrù lọ́wọ́ ní Sanyuanli, ní Guangzhou níbí, lọ́jọ́ tó ṣe ọkọ mi. Táápù tí ọkọ mi fi ń lẹ páálí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó tún bọ́. Mo ní kí ló dé, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ará Ṣáínà tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa ló pe 120, nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn wọn. Nọ́ńbà yẹn náà ni wọ́n fi ń kọ́ ará ìlú: 1, wo ojú bóyá ó ti wọ́, 2, wo apá méjèèjì bóyá ọ̀kan ń já bọ́, 0, tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

A dé ilé ìwòsàn, wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Àfi kí n san owó àsansílẹ̀. Fóònù tí mo fẹ́ fi sanwó kọ̀, wọ́n ní orúkọ tó wà níbẹ̀ ò bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Mo yọ káàdì, obìnrin inú gíláàsì ò tilẹ̀ gbójú sókè, ó kàn nawọ́ sí fèrèsé kejì. Fèrèsé kejì dá mi padà. Bàbá àwọn ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, itọ́ ń ṣe yọ̀ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, èmi ń sáré láti fèrèsé dé fèrèsé. Abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gún un. Ọpọlọ ń kú lọ, ẹnìkan jókòó, ó ń yẹ orúkọ wò. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ọmọ Yorùbá kan tó ń ta bàtà ló fi fóònù tirẹ̀ sanwó, wọ́n tó gbé e wọ CT scan. Díẹ̀ ló kù kí àkókò abẹ́rẹ́ yẹn kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni butylphthalide wọlé, omi tí wọ́n ń fà sí i lára lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì dé, ó tú rọ́bà tí omi náà ń gbà wọ ọwọ́ ọkọ mi, ó fi òmíràn sí i. Mo bi dókítà nídìí rẹ̀, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo fi fóònù túmọ̀ ìwé inú páálí oògùn ni mo tó mọ̀ pé rọ́bà PVC máa ń fa oògùn náà mu, PE, oríṣi rọ́bà mìíràn, ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Gbólóhùn kan péré, ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ ò lè sọ ọ́ fún ìyàwó aláìsàn! Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi onígò rẹ̀ ránṣẹ́ kí nọ́ọ̀sì àdúgbò fà á sí bàbá lára, ẹ kọ̀ fún un.

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Ìwádìí kan jáde ní 2023 lórí aláìsàn 1,216 ní Ṣáínà: lẹ́yìn ọjọ́ 90, nǹkan bí 57 nínú 100 àwọn tó gbà á ló bọ́ sípò dáadáa, nínú àwọn tí kò gbà á, 44 ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wọn, tàbí tí wọ́n ń fà á jáde, ni gbogbo wọn, láàárín wákàtí 6 tí àìsàn dé. Bàbá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Danshen ló ń já mi láyà jù. Bó bá pàdé warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, agbára warfarin á kọjá ààlà, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ya. Ẹ ò sọ oògùn tí bàbá ń lò fún wa. Àwọn tó ń tà á lórí WhatsApp á ní egbòogi ni, kò lè ṣe nǹkan kan. Ta ló sọ fún wọn? Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn dán àpòpọ̀ egbòogi ìbílẹ̀ wọn kan wò lára aláìsàn 1,648 tí iṣan ọpọlọ wọn bẹ́, èsì jáde ní 2024: kò ṣe wọ́n láǹfààní ju èyí tí kò lóògùn nínú lọ.

Ti ọkọ mi, kápúsù 2 ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kó tó jẹun, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí sẹ́lẹ̀rì kì í bá lára mu ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti nína apá nína ẹsẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ bàbá ya fọ́tò èsì CT scan àti gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, títí kan àgbo, kí dókítà wọn sì rí orúkọ butylphthalide kí ẹ tó sanwó. Bí wọn ò bá tíì ṣe CT scan rárá, owó kápúsù yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n fi ṣe é.