Ẹ̀rí mi ni wọ́n fi dájọ́ ikú fún un, ó wá ń ṣe mí ní iyèméjì

Ìbéèrè: Àáfà, as-salaamu alaykum. Mo jẹ́rìí nílé ẹjọ́ pé ọkùnrin kan ni mo rí tó sá kúrò níbi tí wọ́n ti pànìyàn. Wọ́n ti dájọ́ ikú fún un. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́jọ́ náà, n kò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Àwòrán tí ọlọ́pàá fi hàn mí ló jókòó sí mi lọ́kàn. Ṣé kí n kàn túúbá? Bí wọ́n bá wá pa á ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam. Túúbá nìkan kò tó. Ẹ̀tọ́ ẹ̀dá wà lọ́rùn yín, ẹlẹ́tọ̀ọ́ sì ṣì ń mí.

Ẹ tètè lọ bá agbẹjọ́rò rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí sílẹ̀, kí ẹ sì búra sí i: bí ibi tí ẹ dúró ṣe jìnnà tó, bóyá iná wà níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n fi àwòrán hàn yín. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni kí ìwé náà dé. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ pé "òun kọ́" o, bí kò bá dá yín lójú. "N kò dá a mọ̀ dájú" ni òótọ́ tiyín. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn, ẹ̀rí èké mìíràn ni. Bí ẹlẹ́rìí bá yí ẹ̀rí padà kí wọ́n tó pa ẹni náà, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ sọ pé wọn kò gbọdọ̀ pa á mọ́. Màáísì, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ sìná pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló jẹ́wọ́ kí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó gbà á, ó sì tún béèrè bóyá orí rẹ̀ dàrú.

Ká ní ojúmọmọ lẹ rí i, tó wá jẹ́ àánú ló ń da ọkàn yín láàmú, màá ní royíròyí (iyèméjì asán tí èṣù ń sọ síni lọ́kàn) ni. Òkùnkùn àti àwòrán kì í ṣe royíròyí. Ní Maryland ní Amẹ́ríkà, ẹlẹ́rìí 5 ló tọ́ka sí Kirk Bloodsworth, wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 1985. Àyẹ̀wò DNA ló yọ ọ́ ní 1993.

Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n kì í ṣe àwáwí. Súúrà An-Nisaa, áyà 135, ní ká jẹ́rìí òdodo, ì báà ta bá àwa fúnra wa.

Bí wọ́n bá ti pa á, ẹ wo ìdájọ́ Aliyu, kálífà kẹrin lẹ́yìn Ànábì. Ẹlẹ́rìí méjì pe ẹnì kan ní olè, wọ́n gé e lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí náà tún mú ẹlòmíràn wá, wọ́n ní àwọn ṣi ẹni àkọ́kọ́ mú ni. Aliyu ní kí wọ́n san díyà (owó ìtánràn ẹ̀mí tàbí ẹ̀yà ara) ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́, ó ní ká ní òun mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, òun ì bá gé ọwọ́ tiwọn. Díyà ẹ̀mí odidi jẹ́ ràkúnmí 100 tàbí iye rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá jẹ́ méjì tí ẹnì kan yí padà, ìdajì ni tirẹ̀, àfi tí àwọn ajogún bá dárí jì í. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ ńkọ́? Nínú àwọn aṣíwájú onímímọ̀ òfin Islam, Imam Shafi'i àti Ahmad ní kí wọ́n pa òun náà. Abu Hanifa ní díyà ni. Ilé ẹjọ́ ló ń ṣe ìyẹn, kì í ṣe ẹbí òkú. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé Imam Shafi'i, ẹlẹ́rìí tó ṣèèṣì náà yóò san káfáárà (ìtánràn ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun): ẹni tí kò bá rí ẹrú tú sílẹ̀ yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra, bó bá sì já ọjọ́ kan láìní ìdí, yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.